Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra kíìtì bàálù ogun: páálí tó ní ọ̀rá lára lè ti ṣí rí

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń to bàálù ogun kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó kíìtì mìíràn, ìyẹn páálí ẹ̀yà ike tí à ń tò pọ̀ di bàálù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníṣòwò kan wà tó ń ṣí páálí, tó ń mú ohun tó dára jù nínú rẹ̀, tó sì ń fi ọ̀rá wé e padà bí ẹni pé ilé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í. Ó ta ọ̀kan fún mi. Páálí náà kò ṣófo o. Ká ní ó ṣófo ni, ǹ bá ti mọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣí i. Ojúlówó ló mú, ó fi ayédèrú dí àyè rẹ̀, iye ohun tó wà nínú páálí sì pé géérégé. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí bàálù náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì.

F-4E Phantom, bàálù ogun Amẹ́ríkà kan, ni mo ń wá, ìwọ̀n 1/48, ìyẹn ni pé bàálù gidi gùn tó ìlọ́po 48 rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn Phantom á mọ ohun tí mò ń wí. Bàálù yìí kọ́kọ́ fò lọ́dún 1958, èyí tí wọ́n ṣe lé ní 5,000, ṣóńṣó apá rẹ̀ nà sókè, apá ìrù rẹ̀ méjèèjì sì rọ̀ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n digirí 23. Kò sí bàálù mìíràn tí mo lè dá mọ̀ láti òkèèrè bẹ́ẹ̀. F-4E gan-an gùn tó nǹkan bíi mítà 19.2, èyí tó máa di sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìwọ̀n 1/48. Kíìtì tí ọkàn mi fà sí, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn. Ìgbà tí mo wá rí i lọ́wọ́ oníṣòwò yìí, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé “a kò ṣí i rí, ọ̀rá ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀”, ara mi yá gágá. Ó kọ́kọ́ rọ̀ mí pé kí n fi owó náà ránṣẹ́ lórí PayPal bí ìgbà tí èèyàn ń fowó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí, pé òun á dín iye rẹ̀ kù. Mo kọ̀, nítorí PayPal kì í gba ẹ̀tọ́ oníbàárà padà fún ẹni tó bá sanwó ọjà lọ́nà yẹn. Mo san án bó ṣe yẹ kí èèyàn sanwó ọjà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Páálí dé. Kò fọ́, kò tẹ̀. Mo gbé e sórí pẹpẹ pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí iṣẹ́ mìíràn wà lórí tábìlì mi nígbà yẹn. Oṣù méje ló lò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí oṣù méje yẹn díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin yìí ti ń jẹun. Ta ni nínú wa tó ń to kíìtì lọ́jọ́ tó rà á? À ń rà á pa mọ́ ni. A máa ń fẹ́ kí ọ̀rá wà lára rẹ̀, nítorí kíìtì tí a kò ṣí ṣeé tà padà lówó gidi. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. PayPal fún oníbàárà ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tó sanwó kó fi gbé ẹjọ́ wá. Oṣù méje ju ọjọ́ 180 lọ. Ìgbà tí mo fi ṣí páálí mi, ilẹ̀kùn ti tì. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ó ń ta ohun tó mọ̀ pé a kò ní yẹ̀ wò.

Nígbà tí mo ṣí i, mo ka àwọn fírẹ́mù ike tí àwọn ẹ̀yà so mọ́, mo fi wé ìwé ìlànà, iye wọn pé. Ọ̀rá inú tí fírẹ́mù gíláàsì (ike tó mọ́ gaara tó ń bo àwọn awakọ̀) wà nínú rẹ̀, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹnu rẹ̀. Àwọn yòókù, iná ni wọ́n fi lẹ ẹnu tiwọn. Mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé bóyá bí ilé iṣẹ́ ṣe dì í nìyẹn, mo sì fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rá rẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ̀ pé gíláàsì kì í kúrò nínú ọ̀rá títí iṣẹ́ á fi kù díẹ̀, kó má baà ha.

Mo to ibi ìjókòó àwọn awakọ̀ méjèèjì, mo kun bọ́tìnnì wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo pa ara bàálù pọ̀, mo dí ojú ìdè rẹ̀, mo fi sáńpépà pa á títí ọwọ́ kò fi lè mọ ibi tó ti pàdé mọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá mú gíláàsì jáde láti wò ó bóyá ó bá ojú ihò mu. Kò bá a mu. Gíláàsì iwájú fi àlàfo sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì tí èékánná mi wọ̀ ọ́. Mo yí fírẹ́mù rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà tí ìwé ìlànà dárúkọ. Gíláàsì Phantom ni lóòótọ́, 1/48 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíìtì ilé iṣẹ́ mìíràn ló ti wá. Gíláàsì tó bo awakọ̀ ẹ̀yìn kò tilẹ̀ so mọ́ fírẹ́mù mọ́, wọ́n ti gé e rí. Nínú rẹ̀, ìkùukùu funfun kan wà, àmì ìka èèyàn sì hàn gbangba láàárín ìkùukùu náà, gbogbo ìlà rẹ̀ pé.

Ẹni tó bá ti lo gọ́ọ̀mù super glue rí lẹ́bàá gíláàsì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èéfín gọ́ọ̀mù yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ ti kàn, á sì funfun níbẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá ń lo èéfín yìí kan náà láti fi hú àmì ìka jáde lára ẹ̀rí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń lo gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ igi fún gíláàsì. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ẹnì kan ba gíláàsì bàálù tirẹ̀ jẹ́, ó ṣí kíìtì tuntun, ó mú èyí tó dára, ó kó èyí tó bàjẹ́ sínú páálí, ó sì tà á fún mi.

Mo ní kò burú, màá wá gíláàsì mìíràn rà, kí n máa bá ọ̀dà lọ ná. Mo kun bàálù náà ní àwọ̀ tí àwọn Phantom Amẹ́ríkà ń lò nígbà ogun Vietnam: àwọ̀ ewé méjì, àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ọ̀kan, abẹ́ rẹ̀ funfun díẹ̀. Mo fọ́n ọ̀dà dídán sí i kí dẹ́kà, ìyẹn àwọn àwòrán àmì tí à ń rẹ sínú omi kí a tó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara bàálù, lè rí ojú tó jọ̀lọ̀ lẹ̀ mọ́. Mo gé ìràwọ̀ kan jáde nínú bébà dẹ́kà, mo jù ú sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Kí n tó ka ogún, omi náà ti di aró. Àwọ̀ búlúù ń ṣàn jáde lára ìràwọ̀ náà bí ìgbà tí èèyàn rẹ aṣọ àdìrẹ tuntun. Ọwọ́ ti yá mi, mo ti gbé e lé apá bàálù kí n tó ronú. Nígbà tó jókòó, ìràwọ̀ tó yẹ kó funfun di àwọ̀ ewé, torí kò sí funfun kankan nínú rẹ̀, ọ̀dà tí mo kùn sábẹ́ ló ń yọ sójú.

Ó ti fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ilé tẹ dẹ́kà mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ń lò nílé kò ní yíǹkì funfun. Lórí bébà funfun ojú kò lè mọ̀, torí funfun bébà ló ń rí. Orí ọ̀dà dúdú ni àṣírí ti máa ń tú. Búlúù tó ṣàn sì ti rin ọ̀dà àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ní apá òsì, mo ní láti họ ibẹ̀ kúrò, kí n tún un kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí ju owó lọ. Owó á tún wá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fara balẹ̀ fọ́n ọ̀dà yẹn, tí etí àwọ̀ kan rọra wọ inú èkejì láìsí àbàwọ́n, n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi tún lè ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àmì kan wà tí ǹ bá ti rí, ká ní mo wo bébà náà dáadáa. Ẹ gbé bébà dẹ́kà yín dábùú sí ìmọ́lẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ dẹ́kà ilé iṣẹ́, ẹ ó rí i pé àwọ̀ fẹ́lẹ́ tó ń dán yí àwòrán kọ̀ọ̀kan ká ni, ojú bébà yòókù á dúró láìdán. Lára èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé, gbogbo ojú bébà ló máa ń dán láti igun dé igun. Ẹ lè fi ìka tútù kan igun àwòrán tí ẹ kò ní lò. Bí àwọ̀ bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Mo kọ̀wé sí oníṣòwò náà. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé mo ti ṣí i, mo sì ti ń to ó, báwo ni òun ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi fọ́tò àmì ìka ránṣẹ́, mo ní kí ó fi wé tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà n kò lè rí ojú ìwé rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo rí páálí méjì tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ orúkọ mìíràn, aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ wọn nínú fọ́tò ni ti tẹ́lẹ̀, ibi tó ti ya ní igun ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ F-14, èkejì F-16, méjèèjì ní “ọ̀rá ilé iṣẹ́”.

Bí a ṣe lè mọ ọ̀rá tí wọ́n wé padà: ẹ wo abẹ́ ọ̀rá náà, ẹ má wo ojú rẹ̀. Bí igun páálí bá ti họ, tí gọ́ọ̀mù àmì owó àtijọ́ bá wà lórí páálí, tàbí tí eruku bá há sáàárín ọ̀rá àti páálí, ọ̀rá dé lẹ́yìn tí ìyà ti jẹ páálí náà. Ẹ wo ojú ìdè rẹ̀ náà. Ẹni tó fi ẹ̀rọ ìgbẹrun wé e nílé máa ń jẹ́ kó ṣù jọ síbì kan, á sì máa fa ẹnu páálí wọnú. Tèmi ní eruku lábẹ́ ọ̀rá. Mo ní i nínú fọ́tò tí mo yà lọ́jọ́ tó dé, n kò kàn wò ó ni.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tó ń ta kíìtì tó ti ṣí ni olè. Ẹni tó bá sọ fún mi pé “mo ti ṣí i, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá inú, fọ́tò wọn nìyí”, lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an ni mo máa lọ rà á báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni dẹ́kà tó bá pọ́n nítorí ọjọ́ orí kì í ṣe jìbìtì. Ẹ lè lẹ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń tàn sí fún ọjọ́ mélòó kan kó tún funfun, tó bá sì dà bíi pé ó máa fọ́, ẹ fi oje ìbòrí dẹ́kà kùn ún kó tó wọ omi. Ohun tó burú ni kéèyàn pe ohun tó ti ṣí ní ohun tí kò ṣí.

Ọkùnrin yìí tún máa ń pe kíìtì àtijọ́ ní tuntun. Ilé iṣẹ́ lè fi mọ́ọ̀dù (irin tí wọ́n fi ń tẹ ike di ẹ̀yà) ọdún 1970 sí 1979 tẹ kíìtì lónìí, kí wọ́n kó o sínú páálí tuntun, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà ara bàálù nínú ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀dù ayé ìgbà yẹn máa ń yọ sókè, tó jẹ́ pé tí ẹ bá ti fi sáńpépà kàn án, ó ti lọ. Ẹ yẹ orúkọ kíìtì wò lórí Scalemates, ìkànnì tó ń kó ìtàn kíìtì jọ, á fi hàn yín bóyá mọ́ọ̀dù tuntun ni tàbí páálí tuntun lásán.

Ó sì ti ń gba iṣẹ́ báyìí, pé òun á bá èèyàn to ó, òun á kùn ún, kí wọ́n san àsansílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin fúnra yín yàn sórí bébà, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá bàálù tó ní òun tò, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ni bàálù náà wà lóòótọ́. Mo bi í bẹ́ẹ̀ lábẹ́ orúkọ tuntun tó ń lò. Kò dáhùn.

Tí ẹ bá ní kí oníṣòwò ṣí páálí kó ya fọ́tò inú rẹ̀, tó sì ní òun kò lè ṣí i nítorí owó rẹ̀ á wálẹ̀, ẹ sọ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa ṣí i lọ́jọ́ tó bá dé, pẹ̀lú fídíò, kí ẹ sì wo ohun tó máa fèsì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ya fọ́tò lórí aṣọ àwọ̀ ewé tó ya ní igun ọ̀tún, ẹ gbé páálí náà sọ̀kalẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ fi fídíò sílẹ̀ kó máa ká a bí ẹ ṣe ń gé ọ̀rá. Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà ara fírẹ́mù gíláàsì, lẹ́yìn náà ẹ wo bébà dẹ́kà. Ẹ ka iye ọjọ́ tó ti kọjá láti ìgbà tí ẹ sanwó. Tí kò bá tíì pé 180, ọ̀nà ṣì wà fún yín.