Package Tí A Fọwọ́ Ara Wa Kọ Nínú Èdè Go: Ìgbéyẹ̀wò Irinṣẹ́ Kan fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ṣẹ́

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kì í ṣe odindi èdè Go tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, nítorí àwọn tí ó ti yìn ín àti àwọn tí ó ti bú u ti pọ̀ tó. Apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni, èyí tí olùbẹ̀rẹ̀ máa ń bá pàdé ní ọjọ́ tí fáìlì kan ṣoṣo tí ó ń kó gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí bá gùn débi pé òun fúnra rẹ̀ kò rí ohun tí ó ń wá nínú rẹ̀ mọ́: bí a ṣe ń pín kóòdù sí package, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ó wà nínú fódà kan, tí a sì ń fi import pe package náà wá sínú ètò wa. Irinṣẹ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àṣẹ tí a ń pè ní go, tí ó máa ń bá èdè náà wá nígbà tí a bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè irinṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo ti lò ó fún iṣẹ́ tèmi, mo sì ti jókòó ti àwọn tí ó ń lò ó fún ìgbà àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ó dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ èdè tí a fi ń kọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ní lọ, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹni tí ó bá ti wọlé yóò rí i pé ilé náà wà létòlétò. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà lè fi ọjọ́ méjì tá ràrà lẹ́yìn ògiri.

Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ kékeré kan, kí ọ̀rọ̀ má baà di àfẹnusọ lásán. Ètò kan ń gba máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ń ro wọ́n pọ̀, ó sì ń sọ iye tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí a bá pín in dọ́gba. Fódà ńlá ni iwe, fáìlì main.go wà nínú rẹ̀, fódà kékeré kan tí a pè ní maki sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ main.go. Nínú fódà kékeré yìí ni fáìlì maki.go wà, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni package maki. Títí dé ibí yìí, kò sí ẹni tí ó ń ṣì í ṣe. Ohun tí ó kàn ni pé kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ import "maki" sínú main.go, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe kọ import "fmt", package tí ó bá Go wá fún títẹ ọ̀rọ̀ jáde, lánàá tí ó sì ṣiṣẹ́. Go yóò dá a lóhùn pé: package maki is not in std. Bí ẹ̀yà Go tí ó ń lò bá ti pẹ́, GOROOT ni yóò rí dípò std. Lẹ́yìn gbólóhùn yìí ni Go yóò kọ orúkọ fódà tí ó wá a dé, èyí tí í ṣe fódà tí àwọn package tí ó bá Go wá ń gbé.

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Go sọ: maki kò sí lára àwọn package tí ó bá èdè náà wá. Òótọ́ tí kò ranni lọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n, nítorí pé ṣe ni ó ń na ọwọ́ sí ibi tí kò yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ yà sí rárá. Mo ti rí ẹni tí ó ka ìkìlọ̀ yìí tán, tí ó gbé fódà maki rẹ̀ lọ sínú fódà tí Go dárúkọ gan-an, tí ó sì tún àṣẹ náà pa. Ó ṣiṣẹ́! Ó ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ó gbé ẹ̀yà Go tuntun sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí fódà àtijọ́ sì pa rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, maki náà sì bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni irinṣẹ́ yìí, gbólóhùn yìí ni n óò kọ́kọ́ tún kọ, kí ó lè béèrè lọ́wọ́ ẹni náà bóyá package tirẹ̀ ni ó ń pè, kí ó sì rán an létí orúkọ module rẹ̀, ìyẹn orúkọ tí odindi iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ́.

Orúkọ module yìí gan-an ni ilẹ̀kùn tí mo ń wí. Kí a tó kọ import kankan, a óò dúró sínú fódà iwe, a óò sì pa àṣẹ go mod init example/iwe. Fáìlì kékeré kan tí ó ń jẹ́ go.mod yóò jáde, ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò sọ pé orúkọ gbogbo iṣẹ́ yìí ni example/iwe, ìlà mìíràn yóò sì sọ ẹ̀yà Go tí a fi ń ṣe é. Láti ìgbà náà lọ, orúkọ tí a óò fi pe package wa ni orúkọ module tí a fi orúkọ fódà tẹ̀ lé: import "example/iwe/maki". Kì í ṣe orúkọ fáìlì ni a ń kọ, kì í sì í ṣe "./maki", nítorí Go kì í gba irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀ nínú module. Nígbà tí a bá wá fẹ́ lo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, maki nìkan ni a óò pè é, bíi maki.Apapo fún function (kóòdù kékeré tí a fún lórúkọ) tí ó ń ro máàkì pọ̀, nítorí pé orúkọ tí a kọ sí ìlà àkọ́kọ́ fáìlì rẹ̀ ni a fi ń lò ó. A lè fún fódà ní orúkọ kan kí a sì fún package inú rẹ̀ ní òmíràn, Go kò ní bínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń wá wàhálà fún ara rẹ̀.

Ohun tí ó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù níbí ni pé àwọn orúkọ module tí wọ́n ń rí nínú ẹ̀kọ́ máa ń jọ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn a rí github.com, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níwájú rẹ̀, wọn a sì rò pé àfi kí àwọn ní àkáǹtì níbẹ̀, tàbí kí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí àwọn tó lè pe package tí ó wà nínú fódà tí ó wà níwájú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ lásán ni. Bí orúkọ inú import bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ module wa, inú fódà wa ni Go yóò ti wá a, kò ní jáde rárá. Mo yan example fún àpẹẹrẹ yìí nítorí pé àwọn tí ó ń tọ́jú Go ti yà á sọ́tọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí, kò sì sí ọjọ́ tí package tí ó bá èdè náà wá yóò bá a du orúkọ.

Lẹ́yìn èyí, àṣìṣe mẹ́ta ni mo máa ń rí léraléra. Àwọn kan a pa go mod init nínú fódà iwe, wọn a tún lọ pa á nínú fódà maki, bí ẹni pé fódà kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n sọ maki di module ọ̀tọ̀, tí iwe kò sì kà á mọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ pa go.mod tí ó wà nínú maki rẹ́, ọ̀rọ̀ á parí. Àwọn mìíràn a kó maki.go àti main.go pọ̀ sínú fódà kan náà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ package wọn yàtọ̀, Go a sì kọ̀, nítorí fódà kan, package kan ni òfin rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn kò tilẹ̀ jẹ mọ́ import, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ débi pé àwọn èèyàn ń kà á mọ́ ọn: bí a bá ní main.go àti iranlowo.go nínú fódà kan, tí àwọn méjèèjì jẹ́ package main, tí a sì pa àṣẹ go run main.go, fáìlì kan yẹn nìkan ni Go yóò kà, yóò sì sọ pé òun kò mọ function tí ó wà nínú èkejì. Àṣẹ tí ó yẹ ni go run pẹ̀lú àmì ìdánudúró kan lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ó kó gbogbo ohun tí ó wà nínú fódà yìí.

Òfin lẹ́tà ńlá wá ńkọ́? Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú Go, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí a ń kọ láti fi sọ pé function kan wà fún gbogbo ayé tàbí pé inú ilé nìkan ni a ti ń lò ó. Lẹ́tà tí orúkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Apapo ṣeé pè láti inú main.go, apapo kò ṣeé pè. Olùbẹ̀rẹ̀ tí ó bá kọ maki.apapo yóò rí ìkìlọ̀ tí ó yé ni yékéyéké, tí ó sọ pé orúkọ náà wà ṣùgbọ́n package rẹ̀ kò gbé e síta. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka kóòdù ẹlòmíràn yóò mọ ohun tí a gbé síta àti ohun tí a fi pa mọ́ láìjẹ́ pé ó ṣí fáìlì mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, nítorí àwa tí a ń fi Yorùbá kọ orúkọ sínú kóòdù wa. Go gba lẹ́tà tí ó ní àmì, ó sì mọ̀ pé Ì jẹ́ lẹ́tà ńlá, nítorí náà function tí a pè ní Ìpín ṣeé gbé síta láìsí ìṣòro. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú Àpapọ̀, ẹ óò sì rí i pé Go yóò kọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ní àyè kan ṣoṣo fún Ì, àmọ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà ọ tí ó gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí. Ọ ni a óò kọ, tí àmì ohùn yóò sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ Go kì í gba àmì tí ó dá dúró sínú orúkọ. Python, èdè mìíràn tí a fi ń kọ ètò, gbà á ní tirẹ̀. Ní ti orúkọ fódà tí a óò fi ṣe import, kò tilẹ̀ sí àyè àmì kankan nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ maki àti iwe láìfi àmì sí wọn. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀kọ́ tí ó ti gbó, nítorí òun ni ó ń ba irinṣẹ́ yìí lórúkọ jẹ́ jù. Nígbà tí Go 1.0 jáde ní ọdún 2012, kò sí go.mod. Gbogbo kóòdù ẹni gbọ́dọ̀ wà nínú fódà pàtàkì kan tí a ń pè ní GOPATH, orúkọ tí a sì fi ń ṣe import ń bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà náà. Module wọlé pẹ̀lú Go 1.11 ní ọdún 2018 fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò, ó sì di ohun tí Go ń lò fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a béèrè nígbà tí Go 1.16 jáde ní oṣù kejì ọdún 2021. Àlàyé tí wọ́n ti kọ ṣáájú ìgbà náà ṣì pọ̀ lọ jàra, àwọn tí ó sì ń kà wọ́n kì í wo ọjọ́ tí a kọ wọ́n. Bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ tí ó ní kí ẹ lọ gbé iṣẹ́ yín sínú GOPATH kí import tó lè ṣiṣẹ́, ẹ pa á dé, kí ẹ wá òmíràn.

Ní ti líle, irinṣẹ́ yìí le. Bí a bá pe package kan wọlé tí a kò lò ó, ètò náà kò ní ṣiṣẹ́ rárá. Àṣìṣe ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Èyí máa ń bí olùbẹ̀rẹ̀ nínú, pàápàá nígbà tí ó bá ń dán nǹkan wò, tí ó pa ìlà kan rẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí package maki bá ń pe package akeko, tí akeko náà sì ń pe maki padà, Go yóò sọ pé import cycle not allowed, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò gbọ́. Lójú tèmi, líle kejì yìí wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ: yálà kí ó da àwọn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, tàbí kí ó yọ ohun tí àwọn méjèèjì nílò sínú package kẹta. Nínú Python, irú ìpè alọ́bọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lónìí kí ó sì kọ̀ lọ́la bí a bá kàn pààrọ̀ ipò ìlà méjì. Python yìí kan náà ni ẹni tí ó bá sọ fáìlì rẹ̀ ní random.py yóò ti bá a pé fáìlì tirẹ̀ ti dí ojú random tí ó bá èdè náà wá, tí kóòdù tí kò fọwọ́ kàn sì ń ṣubú. Orúkọ module kì í jẹ́ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ nínú Go.

Package tí àwọn ẹlòmíràn kọ kò ní gba àkókò wa púpọ̀: go get yóò gbé e wá, go mod tidy yóò fi èyí tí ó kù kún un, yóò sì yọ èyí tí a kò lò mọ́ kúrò, go.sum yóò sì pa àmì ìdánimọ̀ ohun tí a gbé wá mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní ẹ̀sùn kankan. Go.work, tí ó dé pẹ̀lú Go 1.18 fún ẹni tí ó ń ṣe module méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò kan olùbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo fọwọ́ sí i fún ẹni tí ó bá ti kọ ètò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí ó sì ti mọ ìdí tí ó fi fẹ́ pín in. Ẹni tí kò tíì débẹ̀, kí ó fi gbogbo nǹkan sínú package main ná. Bí ẹ bá fẹ́ dán package wò láìgbé ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà yín, Go Playground, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń kọ Go tí a sì ń dán an wò, gba fáìlì tí ó ju ẹyọ kan lọ: ìlà tí a kọ -- go.mod -- sí ni yóò ṣáájú go.mod, -- maki/maki.go -- ni yóò sì ṣáájú fáìlì package náà. Bí ẹ bá bi í ní aago nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, agogo mọ́kànlá alẹ́, ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni yóò máa sọ fún yín, nítorí pé wọ́n dá aago ibẹ̀ dúró sí ọjọ́ tí wọ́n kéde èdè náà.