Gééjì Alábẹ́rẹ́, Gééjì Oníná àti Sìkánà: Èwo Ló Yẹ fún Tọ́bò Ọkọ̀ Dísẹ́ẹ̀lì Yín?

Ẹni tó bá ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì láti Ọbàjànà gba Kàbà lọ sí Èkìtì, tàbí píkọ́ọ̀pù tó ń kó iṣu láti oko Ìyàgbà, mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ọkọ̀ bá dé ìdí òkè tí kò lè gùn ún mọ́, tí èéfín dúdú sì ń tú yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ní gáréèjì ni pé tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ti bàjẹ́, kí ẹ ra òmíràn, tàbí kí wọ́n bá yín fi sípánà yí ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni náwó lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì láìtíì mọ iye ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí tọ́bò náà ń tì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Irinṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún wíwọ̀n rẹ̀.

Gééjì alábẹ́rẹ́ tí kò lo iná ni mo fẹ́ràn jù fún ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà. Họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé afẹ́fẹ́ láti ibi tó ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì wá sí ojú gééjì, afẹ́fẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sì ń ti abẹ́rẹ́, nítorí náà bátìrì tó kú tàbí wáyà tó já kò kàn án. Họ́ọ̀sì yẹn ni àléébù rẹ̀: bó bá fara kan páìpù èéfín, yóò yọ́, bó bá sì ń jò, iye tí gééjì yóò fi hàn yóò kéré sí òótọ́. Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ wo nọ́ńbà ojú rẹ̀ dáadáa. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù sábà máa ń ní apá kan tó lọ sí ìsàlẹ̀ òdo, tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Apá yìí kò wúlò fún dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, tí kò ní ìdérí tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Gééjì tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 35 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá afẹ́fẹ́) tó fún píkọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n akẹ́rù ńlá, tí tọ́bò rẹ̀ lè kọjá 30 psi, nílò èyí tó dé 60.

Gééjì oníná ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àfi pé sẹ́ńsọ̀ kékeré ló ń wọn afẹ́fẹ́ lára ẹ́ńjìnnì, tí wáyà sì ń gbé iye náà wá. Ó rẹwà, kò sì gbé họ́ọ̀sì wọ inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n iná 12V ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn fún, iná 24V sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́rù ńlá ń lò, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Sìkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kò lè bá ọkọ̀ tí kò ní kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ rárá. Èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́, máa ń wọ ojú ihò onípíìnì 16 tó wà lára píkọ́ọ̀pù ìgbàlódé. Ojú ihò ọ̀pọ̀ akẹ́rù ńlá rí roboto, píìnì 9 ni ó sì ní, nítorí náà kò ní wọ̀ ọ́. Níbi tó bá ti wọ̀, ó ju gééjì lọ, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ó ń fi iye tí kọ̀ǹpútà béèrè hàn pẹ̀lú iye tí tọ́bò mú wá. Ohun kan ló máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láàmú: afẹ́fẹ́ ojú ọjọ́ wà nínú ohun tó ń kà. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí iye kan tó súnmọ́ 100 kPa (òṣùwọ̀n ìfúnpá mìíràn), tí yóò lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní Kàbà tó wà lórí òkè ju ti Lókòjà létí odò lọ. Iye yẹn ni kí ẹ yọ kúrò. Bí ó bá ka 220 kPa nígbà tí ọkọ̀ ń gùn òkè, nǹkan bíi 120 kPa ni tọ́bò fi kún un, èyí tó jẹ́ bíi 17 psi.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, fífi ẹsẹ̀ tẹ iná, ìyẹn accelerator, lórí ìdúró kò ní fi òótọ́ hàn, nítorí pé tọ́bò kì í ṣiṣẹ́ dé góńgó láìsí ẹrù. Òkè kò wọ́n ní ilẹ̀ Ọ̀kun, níbi tí Kàbà àti Ìyàgbà wà: ẹ di ẹrù, ẹ wọ jíà kẹta, ẹ tẹ iná dé ilẹ̀ lórí òkè, kí ẹnì kejì máa wo abẹ́rẹ́. Bí iye náà bá kéré sí ohun tí ìwé ọkọ̀ sọ, ẹ fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú họ́ọ̀sì láti tọ́bò dé intercooler (ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù) àti ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kan sì mú kí ẹ́ńjìnnì sáré díẹ̀. Ibi tó bá ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jò, kílíípù tuntun sì lè tán ọ̀rọ̀ náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀pá wastegate, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí èéfín ya ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kọjá nígbà tí ìfúnpá bá ti tó, ẹ ra páńpù ọwọ́ tó ní gééjì lára. Ẹ so ó mọ́ orí agolo tó ń ti ọ̀pá náà, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ iye tí ọ̀pá fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí abẹ́rẹ́ páńpù bá ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ dúró, awọ inú agolo ti ya, kò sì sí yíyí kankan tó lè tún un ṣe. Bí agolo bá dára, ìdajì yípo kan ni kí ẹ máa yí nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún dán an wò lórí òkè: kíkúrú ọ̀pá ń mú ìfúnpá ga, gígùn rẹ̀ ń mú un wálẹ̀. Lára ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe é, nítorí pé bí ìfúnpá bá kọjá ohun tí kọ̀ǹpútà béèrè, kọ̀ǹpútà yóò gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà láti fi gbé ìfúnpá sókè láti ìjókòó awakọ̀ ni mo fi sí ìkẹyìn, mi ò sì rò pé akẹ́rù nílò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ láìsí àfikún epo kì í fún ẹ́ńjìnnì ní agbára púpọ̀, tọ́bò tó bá sì ń sáré kọjá ààlà rẹ̀ kì í pẹ́.

Ẹ má kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì so páńpù ọwọ́ mọ́ gééjì alábẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ rà. Ẹ fún un dé 20 psi: kí abẹ́rẹ́ méjèèjì bára mu, kí wọ́n má mì, kí wọ́n sì padà sí òdo nígbà tí ẹ bá tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ní kí ọlọ́jà mú òmíràn wá.