Páálí kàpásítọ̀ tí mo rà fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́: ohun tó dáa níbẹ̀ àtohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Kàpásítọ̀ ni ohun kékeré tó ń gba iná pa mọ́ fúngbà díẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Irú páálí tí wọ́n ń dì jọ fún ẹ̀rọ kan pàtó ni mo rà. Ẹ ó fún ẹni tó ń tà á ní nọ́ńbà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín, á sì kó gbogbo kàpásítọ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ pààrọ̀ ránṣẹ́. Tèmi jẹ́ dúdú-òun-funfun onítúùbù (ìgò tó ń darí iná), èyí tí wọ́n fọwọ́ so wáyà rẹ̀ lábẹ́ ṣáásì, ìyẹn férémù irin inú ẹ̀. Ìlà dúdú méjì tó fẹ̀ ń gba inú àwòrán ẹ̀ kọjá lọ sókè, ìsàlẹ̀ àwòrán ti ká wọlé, ohùn ẹ̀ sì ń kùn ṣáá.

Ìdí tí kàpásítọ̀ fi ń fà á kò le. Ọ̀rinrin ń wọnú àwọn oníbébà tí wọ́n fi ìda bò, iná tó yẹ kí wọ́n dá dúró á wá máa jò kọjá. Ti ẹlẹ́kítíróláítì, ìyẹn àwọn tó ní omi oníkẹ́míkà nínú, omi yẹn ló ń gbẹ. Mo tú ẹsẹ̀ kan lára oníbébà tó wà ṣáájú túùbù ohùn, mo tanná sí ẹ̀rọ, mo fi mítà kan ẹsẹ̀ tó dá wà yẹn. Òdo ló yẹ kí n rí. Ó lé ní fólítì 30! Iná tó ń jò yẹn ló ń fipá mú túùbù náà ṣiṣẹ́ títí irin inú ẹ̀ fi ń pọ́n. Bí mo ṣe fi tuntun inú páálí síbẹ̀, òdo ni mítà padà sí.

Àwọn kàpásítọ̀ fíìmù (èyí tí wọ́n fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe dípò bébà) inú páálí yìí wù mí gan-an. Wọn ò tóbi, ẹsẹ̀ wọn gùn, fólítì 630 ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ 400 ni wọ́n kọ sára púpọ̀ nínú àwọn àtijọ́. Ẹ má jáyà tí nọ́ńbà máíkírófáráàdì, ìyẹn ìwọ̀n iná tí kàpásítọ̀ ń gbà pa mọ́, ò bá bára mu gẹ́lẹ́: 0.047 lè rọ́pò 0.05, 22 lè rọ́pò 20. Fólítì ni kò gbọdọ̀ dín sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́kítíróláítì náà dáa, wọ́n lè gba ooru tó tó 105 °C.

Àmọ́ agolo ńlá orí ṣáásì, kàpásítọ̀ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ dípò ẹ̀, wọn ò sì sọ ibi tí ẹ ó kàn wọ́n mọ́. Abẹ́ ṣáásì ni mo fi wọ́n sí. Mo fi agolo náà sílẹ̀ fún ẹwà, ṣùgbọ́n mo tú gbogbo wáyà ara ẹ̀. Ẹni tó bá kàn jó tuntun lé ògbólógbòó lórí ń tan ara ẹ̀ ni o, torí èyí tó ti bàjẹ́ á ṣì máa jò, á máa gbóná, ó sì lè bẹ́.

Ibi tí mo ti bínú rèé. Bébà tó bá a wá kò ju iye kàpásítọ̀ lọ, kò sọ ipò ìkankan. Ẹni tí ò bá ní àwòrán sákíìtì ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó ń fi bí wọ́n ṣe so gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀ pọ̀ hàn, á kàn máa wò ni. Ìyẹn ṣì rọrùn. Àwòrán sákíìtì ní fólítì 1,000 ni kí wọ́n lò fún kàpásítọ̀ búùsítì (èyí tó wà níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé fólítì ga sí i) lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíráńsífọ́mà ńlá, 630 ni wọ́n dì fún mi. Mi ò lò ó rárá, mo lọ wá 1,600 fúnra mi. Èyí tó máa jókòó sórí iná tó ń wọlé láti ògiri náà, fíìmù lásán ni wọ́n fi síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé X2 ló yẹ, èyí tí wọ́n ṣe kó má baà gbiná bó bá bàjẹ́. Wọ́n tún kó arọ́pò máíkà wá, ìyẹn àwọn kàpásítọ̀ tí wọ́n fi òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe. Mi ò fọwọ́ kan máíkà tèmi, kì í sábà bàjẹ́, ẹni tó bá sì ń tú èyí tó wà níbi tí wọ́n ti ń mú ìkànnì lè da ìtò ẹ̀ rú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀ nípa ewu. Bẹ́ ẹ bá yọ wáyà kúrò lára ògiri, túùbù àwòrán ṣì lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì mú. Ẹ kọ́kọ́ tú iná ẹ̀ dànù sí ṣáásì kẹ́ ẹ tó tiwọ́ bọ̀ ọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń pààrọ̀ wọn, mo sì ń tan ẹ̀rọ wò láàárín. Ìlà dúdú yẹn ti lọ, ohùn ti mọ́, ìsàlẹ̀ àwòrán sì nà lẹ́yìn tí mo yí bọ́tìnì ìtọ́sọ́nà ẹ̀yìn díẹ̀. Nítorí fíìmù, màá tún rà á. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un. Tí wọ́n bá fi X2 sí i, tí wọ́n sì kọ ipò kọ̀ọ̀kan sí bébà wọn, màá sọ ọ́ di márùn-ún.