Eyam: abúlé tí ó ti ara rẹ̀ mọ́lé

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ní ọjọ́ kan péré láti fi wo ìtàn abúlé, Eyam tí ó wà ní Derbyshire ni kí ó lọ. "Íìmù" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, kí ẹ má baà ṣì í pè bí mo ti ṣe.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn, tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́ láti ọdún 1994, ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkúta lásán ni ẹ ó máa rí kiri. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ nípa aṣọ tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ilé télọ̀ kan ní ọdún 1665, tí wọ́n ní yọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó kó àjàkálẹ̀ àrùn wọ̀lú, àti bí àwọn ará abúlé ṣe gbà ní oṣù Kẹfà ọdún 1666 pé ẹnikẹ́ni kò ní kọjá ààlà. Nǹkan bí 260 ènìyàn ni wọ́n ní ó kú.

Àlùfáà William Mompesson, tí ó ṣáájú wọn nínú ìpinnu yìí, ni gbogbo ènìyàn ń yìn, ṣùgbọ́n ó ti kó àwọn ọmọ tirẹ̀ kúrò nílùú ṣáájú. Catherine ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó sì kú. Lójú tèmi, Thomas Stanley, àlùfáà àtijọ́ tí ìjọba ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn ṣì ń tẹ́tí sí, kò gba ìyìn tí ó tó.

Ẹ má ṣe wá láìwọ bàtà tí ó le. Ní ọ̀nà Stoney Middleton ni òkúta ààlà wà, pẹ̀lú àwọn ihò tí wọ́n ń da fínígà sí, kí àrùn má baà ràn, kí wọ́n tó fi owó oúnjẹ tí àwọn ará ìta ń gbé wá sínú rẹ̀. Mo ki ìka bọ ọ̀kan, etí rẹ̀ ti dán. Ní Riley, nínú pápá, ògiri òkúta róbótó yí sàréè díẹ̀ ká: láàárín ọjọ́ mẹ́jọ nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1666, Elizabeth Hancock sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà síbẹ̀, òun nìkan.