Ìkìlọ̀: bíléèdì alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n ń tà fún yín lórúkọ bíléèdì scroll saw

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi scroll saw, ẹ̀rọ ayùn oníbíléèdì tín-ín-rín, gé ọnà lára pákó, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Àwọn ọlọ́jà kan wà lórí WhatsApp àti Facebook tí wọ́n ń di bíléèdì sínú ọ̀rá, wọ́n á wá lẹ bébà pélébé mọ́ ọn lára: "Nọ́ńbà 5, Jámánì, méjìlá." Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ ju ti ọjà lọ. Ẹ já ọ̀rá náà, ẹ ó bá bíléèdì tí alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń gé irin níbẹ̀.

Ó rọrùn láti fi tan èèyàn, nítorí gígùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: ti igi jẹ́ 127 mm, ti alágbẹ̀dẹ 130 mm. Nọ́ńbà ìwọ̀n wọn náà jọra, 2/0 (ó kéré ju 1 lọ), 1, 3, 5, ó sì máa wọ ẹ̀rọ yín wẹ́rẹ́. Eyín ló ń tú àṣírí. Ẹ gbé e ti rúlà, kí ẹ ka eyín inú ínṣì kan. Nọ́ńbà 5 ti igi máa ń ní bíi 12 sí 15. Ti irin á lé ní 30. Eyín wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní àlàfo tí lẹ́búlẹ́bú pákó máa gbà jáde. Ó á dí pa, bíléèdì á máa ha igi dípò kó gé e, á gbóná, ẹ̀gbẹ́ pákó á dúdú, lẹ́yìn náà ó já. Lórí arère fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ẹ lè má tètè fura. Lórí apá tàbí ìrókò 20 mm, èéfín á sọ fún yín.

Tí ẹ bá pe ọlọ́jà, á ní ẹ kò fà á le tó ni. Ẹ fi ìka tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́: bí kò bá yẹ̀ ju 3 mm lọ, ó le tó, ẹ̀bi kì í ṣe tiyín.

Ẹ má sì parọ́ mọ́ wọn o. Bí bíléèdì lásán bá ń fà sí ọ̀tún díẹ̀, kì í ṣe jìbìtì. Bí wọ́n ṣe gé eyín rẹ̀ ló mú kí ẹ̀gbẹ́ kan mú ju èkejì lọ. Ẹ kàn yí pákó díẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ owó "precision ground" lẹ san, òkúta ni wọ́n fi ń lọ eyín ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ rí bákan náà lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ń ha yín níka, ẹ dá a padà.

"Reverse tooth" náà, ẹ wò ó dáadáa: eyín bíi márùn-ún sí méje nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn pílíwúùdù ya. Bí gbogbo eyín bá kọjú síbì kan, irọ́ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà yan nọ́ńbà fún yín. Eyín mẹ́ta, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ wà nínú igi lẹ́ẹ̀kan náà. Eyín 12 nínú ínṣì kan, lórí pákó 3 mm, ọ̀kan tàbí méjì péré ló máa wà nínú rẹ̀, á sì máa ya á. Ibẹ̀ ni 2/0 tàbí 1 wúlò. Nọ́ńbà 3 dára fún ọnà kéékèèké lórí 6 mm, 5 fún 12 sí 18 mm, 9 tàbí 12 fún èyí tó bá nípọn ju 25 mm lọ. Spiral, bíléèdì tí wọ́n lọ́ kí eyín lè yí i ká, tí wọ́n ń pè ní "oníṣẹ́ gbogbo" ń fi ẹ̀gbẹ́ gbágungbàgun sílẹ̀. Kò yẹ fún lẹ́tà orúkọ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ bi wọ́n bóyá bíléèdì náà ní píìnì, irin kékeré tó dábùú orí rẹ̀. Ihò tí píìnì máa gbà kọjá kì í kéré, nítorí náà kò ṣeé fi gé inú ọnà wẹ́wẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà ya fọ́tò bíléèdì kan lórí rúlà, kí eyín hàn. Tó bá ní òun kò ní rúlà, ẹ fi í sílẹ̀.