Abọ́ omi ṣúgà fún ẹyẹ hummingbird: ẹ rà á, àmọ́ ẹ da aró inú páálí rẹ̀ nù

Abọ́ tí a fi ń fún hummingbird, ẹyẹ tíńtín tó ń mu omi dídùn inú òdòdó, ní omi ṣúgà yìí kò lẹ́wà. Ó rí pẹlẹbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, ọmọrí rẹ̀ pupa, ihò mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀, ọ̀pá tín-ín-rín tí a fi ń so ó kọ́ sì wà láàárín. Bí wọ́n bá tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́ onígò aláràbarà, ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun náà ni mo ní kí ẹ rà.

Fífọ̀ ni mo fi ń díwọ̀n irú ọjà yìí. Omi ṣúgà kì í pẹ́ kan. Bí ooru bá mú gan-an, láàárín ọjọ́ méjì ó ti ń bàjẹ́, nǹkan dúdú á sì máa lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò, èyí tó lè kó àìsàn bá ẹyẹ. Ọrùn onígò há, búrọ́ọ̀ṣì kì í dé kọ̀rọ̀ rẹ̀. Eléyìí, ẹ ṣí ọmọrí, ẹ da omi gbígbóná sí i, ẹ fọwọ́ fọ̀ ọ́ tinú tẹ̀yìn, ó tán. Kì í sì í jò. Bí oòrùn bá pa onígò, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fẹ̀, á ti omi jáde, kí ẹ tó mọ̀, èèrà ti gbọ́. Ti eléyìí, ìsàlẹ̀ ihò lomi wà, ahọ́n ẹyẹ ló ń wọlé lọ bá a. Wọ́n tún gbẹ́ kòtò kékeré kan sí ìdí ọ̀pá náà. Ẹ bu omi lásán sí i, èèrà kò ní ráyè kọjá.

Mo ní ẹjọ́ méjì tí mo fẹ́ rò. Àkọ́kọ́ ni òdòdó ike aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n fi yí ihò ká, tí agbọ́n ń rọ́ lọ bá. Mo yọ gbogbo rẹ̀, agbọ́n sì dín kù. Èkejì ni aró pupa tí wọ́n dì mọ́ ọn nínú páálí. Kí ni ẹyẹ fẹ́ fi aró ṣe? Ọmọrí pupa yẹn ti tó pè é. Ife ṣúgà funfun kan, ife omi mẹ́rin, kò sí nǹkan mìíràn. Ẹ má fi oyin sí i o, ẹ má sì lo ṣúgà aláwọ̀ ilẹ̀.

Ihò mẹ́ta náà kò wúlò tó bí wọ́n ṣe ń polówó rẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà níbí, ruby-throated nìkan ni hummingbird tó ń pa ọmọ síbẹ̀. Ẹyẹ tó sábà máa ń tẹ̀wọ̀n nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta, tó ń ju ìyẹ́ ní nǹkan bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó ń fò sẹ́yìn láìyíjú padà! Ẹ ó rò pé irú rẹ̀ á níwà pẹ̀lẹ́. Rárá o. Akọ kan ti gba abọ́ mi, àwọn ọmọ mi sì ti sọ ọ́ ní Ọmọ Onílẹ̀. Orí ẹ̀ka kan ló ń jókòó sí, ọ̀fun rẹ̀ á dúdú títí oòrùn á fi kàn án, kó tó di pupa yòò. Bí ẹyẹ mìíràn bá yọjú, ó ti lé e dé ojú ọ̀nà. Nítorí náà, kàkà kí ẹ ra ńlá kan, kékeré méjì ni kí ẹ rà, kí ẹ so ọ̀kan síwájú ilé, èkejì sẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹnì kan ò ti lè máa ṣọ́ méjèèjì.

Àwọn kan ní kí a tètè ká abọ́ náà kúrò kí àwọn ẹyẹ má bàa gbàgbé ìrìn àjò wọn lọ síbi tó móoru kí òtútù tó dé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Kíkúrú ọ̀sán ló ń lé wọn lọ, kì í ṣe abọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ńṣe ni wọ́n ń jẹun sanra, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ré agbami Gulf of Mexico kọjá, nǹkan bí kìlómítà 800. Ẹ fi abọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò ní ráyè máa fọ̀ ọ́, ẹ gbin òdòdó salvia pupa dípò rẹ̀.