TreeMap inú Java: ohun tí mo rí nígbà tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ kòkó kan ní Àkúrẹ́

Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń fi TreeMap, ohun ìtọ́jú àkọsílẹ̀ kan nínú Java (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), kọ ètò kọ̀ǹpútà fún bàbá kan tí ń ra kòkó ní Òkè-Àró. Láti Java 1.2, tó jáde ní 1998, ni TreeMap ti wà: ó máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ (orúkọ tàbí nọ́ńbà tí a fi ń wá nǹkan) pẹ̀lú ohun tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì máa ń to àwọn kọ́kọ́rọ́ náà láti kékeré dé ńlá bí wọ́n ṣe ń wọlé. HashMap, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kì í to nǹkan, yá jù ú lọ bí orúkọ kan péré la bá ń wá, àmọ́ HashMap kò mọ ẹni tó ṣáájú, kò mọ ẹni tó kàn.

floorEntry, àṣẹ tó ń mú kọ́kọ́rọ́ tó tóbi jù lọ tí kò ju nọ́ńbà tí a fún un lọ wá, tí wọ́n fi kún un ní Java 6, ni mo fẹ́ràn jù. Iye tí Bàbá ń san lórí kílò máa ń yí padà bí ẹrù bá tó kílò 64, 500 tàbí 1,000, mo sì fi àwọn ìwọ̀n yìí ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí àgbẹ̀ láti Ìdánrè bá gbé kílò 730 sórí òṣùwọ̀n, floorEntry á lọ tààrà sí 500, láìsí pé mò ń to “if” (“bí ó bá jẹ́ pé”) lé “if”. Kódà bí kọ́kọ́rọ́ bá pé mílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìfiwéra 20 ló máa ṣe kó tó débẹ̀, nítorí pé igi pupa-dúdú (ọ̀nà títo kọ́kọ́rọ́ bí ẹ̀ka igi) tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀nà kan gùn ju ìlọ́po méjì òmíràn lọ.

Orúkọ wa ló fún mi ní wàhálà. Nínú ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, ẹ̀yìn Yínká ni Ẹniọlá àti Ọlánrewájú wà, torí pé nọ́ńbà tí Unicode (ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà) fún lẹ́tà ni String, ohun tí Java fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, fi ń ṣe ìfiwéra, nọ́ńbà Ẹ àti Ọ sì ju ti Z lọ. Bàbá fi ìka wá a títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Ẹniọlá dà?” Mo fi RuleBasedCollator, irinṣẹ́ Java tí a lè fún ní òfin títo lẹ́tà, kọ́ TreeMap ní a, b, d tiwa, tí GB fi tẹ̀lé G.

Àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́yìn èyí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ agbára Collator náà di PRIMARY, ìpele tó ń wo lẹ́tà nìkan, kó má baà ka àmì ohùn sí. Àgbẹ̀ méjì wà, wọ́n kọ ọ̀kan ní Àjàyí, wọ́n kọ èkejì ní Ajayi. Ẹnì kan ṣoṣo ni TreeMap kà wọ́n sí, nítorí pé kì í bi equals (àṣẹ tó ń wò bóyá nǹkan méjì jẹ́ ọ̀kan náà) léèrè, ìfiwéra tó bá mú òdo jáde ló ń tẹ̀ lé. Kílò ẹnì kejì pa ti ẹni àkọ́kọ́ rẹ́, kò sì ké sí mi. Ní báyìí, bí Collator bá ní orúkọ méjì dọ́gba, compareTo ti String, ìfiwéra nọ́ńbà lẹ́tà tí mo sọ lókè, ló ń yà wọ́n, Àjàyí àti Ajayi sì ti ní ìlà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.